Onílé Tó Di Èèrà Ní Ìdí-Apá

"Ẹni tó dúró ti ayàwòrán ní í tóbi; onílé a di èèrà." Ẹ ti lè gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà Ìdí-Apá, kí ẹ sì rẹ́rìn-ín sí i. Ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kì í rẹ́rìn-ín.

Agbo ilé agbẹ́gilére ló tẹ Ìdí-Apá dó. Ní ayé Baálẹ̀ Ọnàyẹmí ni òyìnbó arìnrìn-àjò kan gun ẹṣin wọ̀lú, tó jókòó lẹ́nu ibodè, tó sì ń ya ohun tó rí sínú ìwé. Baálẹ̀ kì í dìde lọ pàdé àlejò tí kò tíì kí i. Ọnàyẹmí jókòó sábẹ́ igi apá rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ní kí Ṣàngótóyè, àtọ̀húnrìnwá tó fún nílé gbé, lọ bá òyìnbó di ìjánu ẹṣin mú.

Ogójì ọdún kọjá. Ọnàyẹmí àti Ṣàngótóyè ti kú, àwọn ọmọ Ṣàngótóyè wá ní baba àwọn ló ni ìlú. Ọ̀rọ̀ dé kóòtù ìbílẹ̀. Àsàkẹ́, opó Baálẹ̀, ní kí ọkàn Àjùwọ̀n ọmọ òun balẹ̀: ṣebí òyìnbó ya baba rẹ̀ sínú ìwé, ojú òun ló sì ṣe. Àjùwọ̀n, tó ń gbẹ́gi bíi baba rẹ̀, ránṣẹ́ sí tíṣà ìjọ kan tó ní ìwé náà, tí wọ́n ti tẹ̀ jáde nílùú òyìnbó, tíṣà sì gbé e wá fúnra rẹ̀.

Kí wọ́n tó ṣí i, olórí adájọ́ ní, "Àjùwọ̀n, àwa ò mọ bí wọ́n ṣe ń ka àwòrán. Ìwọ lo mọṣẹ́ ọnà. Bí ẹ bá gbẹ́ olúwa àti ìránṣẹ́ rẹ̀, ta lẹ máa ń gbẹ́ tóbi?"

"Olúwa ni, Bàbá," ni Àjùwọ̀n dáhùn, inú rẹ̀ ń dùn. "Ìránṣẹ́ kì í ga ju orúnkún olúwa rẹ̀ lọ. Bí baba mi ṣe kọ́ mi nìyẹn."

Wọ́n ṣí ìwé. Ọkùnrin kan dúró gbọnrangandan níwájú, ó di ìjánu mú, ó ga ju ilé lọ. Orí rẹ̀ ni gbogbo ìmọ́lẹ̀ inú àwòrán náà bọ́ sí. Èèyàn lè ka ìlà ojú rẹ̀. Ọ̀nà ìlú fẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń tín-ín-rín lọ sẹ́yìn, títí dé ìdí igi kan tí nǹkan bíńtín jókòó sí. Nǹkan náà kò lójú, kò nímú.

Àsàkẹ́ figbe ta. "Ṣàngótóyè nìyẹn! Ó súnmọ́ òyìnbó ló ṣe tóbi! Ọkọ mi ló wà lábẹ́ igi, ẹ jọ̀ọ́, mo wà níbẹ̀!"

Ìgbà náà ni Àjùwọ̀n rí i pé àwòrán òyìnbó kì í ṣe igi gbígbẹ́, pé jíjìnnà ló sọ baba òun di kékeré. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, òógùn bò ó. Adájọ́ mirí. "Ìyá, ẹnu ọmọ yín la ti gbọ́ ọ." Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti balẹ̀. Wọ́n dá àwọn ọmọ Ṣàngótóyè láre.

Ó dùn mí láti sọ èyí tó kù. Àsàkẹ́ gbé àtàǹpàkò lé ọkọ rẹ̀ nínú ìwé náà. Àtàǹpàkò náà bò ó tán. Ohun tó sọ lẹ́yìn náà ni ẹ kà níbẹ̀rẹ̀. Àjùwọ̀n kò gbẹ́ ère mọ́. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ẹni tó di ìjánu ló ti lọ dọ̀bálẹ̀ tọrọ ilẹ̀ tí yóò sin ín sí.

Nítorí náà, bí àgbà bá rí i tí a gbé ipò onílé fún ẹni tó kàn súnmọ́ aláṣẹ, tí ẹni tó ni nǹkan jókòó lọ́hùn-ún tí ẹnikẹ́ni kò rí i, wọ́n á ní: ẹni tó dúró ti ayàwòrán ní í tóbi, onílé a di èèrà. Wọn kì í pa òwe yìí láti fi tu ẹnikẹ́ni nínú.