Ṣokoléètì Ọdún Mẹ́rin

Ọkùnrin kan wà tí ó bá ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo jà nítorí ọkọ tí ó fẹ́. Ọdún mẹ́rin ni kò fi tẹ ilé ọmọ náà. Ní gbogbo Kérésìmesì, ọmọ a fi ṣokoléètì ránṣẹ́ sí i, bàbá a sì tì í sínú fíríìjì láìtọ́ ọ wò, torí kò fẹ́ kí wọ́n fi nǹkan dídùn tan òun.

Ìgbà tó yá, ọmọ ránṣẹ́ pé òun ń kó àwọn ìbejì òun bọ̀ wá kí i lọ́jọ́ Àjíǹde. Bàbá ò rí wọn sójú rí. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò lè jókòó.

Ó ti rí i nínú tẹlifíṣọ̀n bí wọ́n ṣe ń yọ́ ṣokoléètì sínú abọ́ kan, tí gbogbo ilé á máa ti èso bọ̀ ọ́ jẹ. Bí àlejò ti dé, ó gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ọ̀pẹ̀yìnbó, ó gbé abọ́ lé ìkòkò omi gbígbóná, ó kó ti ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí i. Ó yọ́, ó ń dán, òórùn rẹ̀ gba ilé. Àwọn ìbejì ti mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n ń fò sókè sódò.

Ó wá ku mílíìkì. Agolo kan ló kù fún tíì àárọ̀ rẹ̀, nítorí náà ó bu ṣíbí kan péré sí i, ó sì dé agolo padà. Kíá ni ṣokoléètì ṣù pọ̀ bí ẹrẹ̀. Ó rò ó títí, kò tú. Oúnjẹ àkọ́kọ́ tó fẹ́ fún àwọn ọmọ yìí ló ń bàjẹ́ lójú wọn.

Ọmọ rẹ̀ wọlé ìdáná. Ó rí àwọn bébà ṣokoléètì nílẹ̀, ó mọ̀ pé àwọn tí òun fi ránṣẹ́ ni gbogbo wọn.

“Bàbá mi, ẹ má dà á nù. Kékeré tí ẹ fi sí i ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé mílíìkì yẹn kaná, kí ẹ dà á sí i tán.”

“Gbogbo ẹ̀? Tíì mi ńkọ́?”

“Ẹ ó mu ún lásán lọ́la, sà.”

Bàbá wo agolo, ó wo ọmọ. Ó dà á sí i tán, ó ń rò ó, ó sì tú, ó ń yọ̀ bí epo. Àwọn ìbejì gbàgbé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n tì bọ̀ ọ́. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

“Ọmọ mi,” ó ní, “mo jẹ̀bi.”

Ìwọ tí ò ń gbọ́ ìtàn yìí, tí o sọ fún mi pé o ti dárí ji àbúrò rẹ, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dé ẹnu ọ̀nà rẹ, ṣíbí kan lo bù sí i. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yín fi le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ká fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n sọ, wọn ò sọ pé ìka kan. Dìde, lọ da èyí tó kù sí i.