Òkété Gba Iṣẹ́ Olùṣọ́ Àká

Àlọ́ mi já geere, ó gba ẹ̀yìnkùlé Ọba Ẹkùn kọjá, ó lọ kọsẹ̀ lára Òkété.

Òkété fẹ́ jẹ àgbàdo. Kì í ṣe ẹyọ kan tàbí méjì o, àká ọba lódindi ló ń fẹ́. Ọ̀gbẹlẹ̀ mú, ilé rẹ̀ ṣófo, àwọn ọmọ mẹ́fà ń wo ẹnu ara wọn. Ọba Ẹkùn wá kéde pé òun ń wá olùṣọ́ àká, owó iṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ apẹ̀rẹ̀ àgbàdo kan lọ́rọọrún. Olùṣọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ti jẹ ohun tí wọ́n ń ṣọ́, ọba sì ti jẹ àwọn náà. Bí àyè ṣe ṣí sílẹ̀ nìyẹn.

Àrìnpé, ìyàwó rẹ̀, gbà á nímọ̀ràn. "Bàbá Dàda, òótọ́ tó wà lọ́wọ́ yín ti tó. Etí yín ń gbọ́ ẹsẹ̀ èèrà. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ sì dákẹ́."

Òkété rẹ́rìn-ín. "Òótọ́ kò gba iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ìmúrasílẹ̀ ló ń gba iṣẹ́."

Ó sì múra lóòótọ́. Ó lọ bá Ẹfọ̀n àti Ìmàdò, tí àwọn náà ń wá iṣẹ́ yìí, ó sì fi àánú kọ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n Ẹfọ̀n, tí ẹ bá débẹ̀, ẹ má dọ̀bálẹ̀ o. Wọ́n á ní ẹ̀yìn ń dùn yín. Ìwo ni kí ẹ fi kan ilẹ̀kùn, kí wọ́n mọ̀ pé alágbára dé."

"O ṣeun, àbúrò mi," ni Ẹfọ̀n wí. Inú rẹ̀ dùn débi pé omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ó sọ fún Ìmàdò pé ọba kì í fẹ́ gbọ́ ìdáhùn. Ìbéèrè yòówù tí wọ́n bá bi í, ìbéèrè ni kó fi dá wọn lóhùn.

Nígbà tí ọjọ́ pé, Ẹfọ̀n fi ìwo wó ilẹ̀kùn ààfin lulẹ̀. Wọ́n ní kó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọba bi Ìmàdò pé, "Kí lorúkọ rẹ?" Ìmàdò ní, "Kí lorúkọ tiyín, Kábíyèsí?" Wọ́n ní kí òun náà bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kíákíá.

Òkété wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àgbọ̀n rẹ̀ ń gbálẹ̀. Ọba bi í pé, "Tí ebi bá pa ọ́ nítòsí àgbàdo, kí lo máa ṣe?"

Òkété mí kanlẹ̀. "Kí adé pẹ́ lórí. Àgbàdo kẹ̀? Èèwọ̀ ìdílé wa ni. Bàbá mi ò jẹ ẹ́, bàbá bàbá mi ò jẹ ẹ́. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ nínú wa, ara rẹ̀ á wú, ojú rẹ̀ á fọ́. Ìyàwó àti ọmọ gan-an ò gbọdọ̀ fi kan ẹnu nínú ilé wa. Koríko gbígbẹ ti tó wa."

Ìjòyè kan nu ojú.

"Iṣẹ́ di tìrẹ," ni ọba wí. "Ṣùgbọ́n irú ọmọlúàbí yìí, a ò gbọdọ̀ jẹ́ kó ṣèèṣì jẹ èèwọ̀. Ẹ má fún un ní apẹ̀rẹ̀ àgbàdo o, a ò ní fi ọwọ́ ara wa pa á. Koríko gbígbẹ ni kí ẹ máa dì fún un. Ìta ni kó ti máa ṣọ́ àká, kí eruku àgbàdo má fò sí i lẹ́nu. Ẹfọ̀n, ìwọ tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yé, máa dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ìmàdò, ìwọ tí o fẹ́ràn ìbéèrè, máa gbóòórùn ẹnu rẹ̀ láràárọ̀, kí o sì bi í ní ohun tó jẹ. Ẹ̀yin méjèèjì á máa gba apẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì gba ti àkọ́kọ́ lónìí."

"Kábíyèsí," ni Òkété wí, "bóyá tó bá jẹ́ díẹ̀ báyìí, ara lè gbà á."

"Rárá o," ni ọba dáhùn tìfẹ́tìfẹ́. "Ojú rẹ ò ní fọ́ níṣojú mi."

Ní ọjọ́ kẹta, Ẹfọ̀n jókòó, ó ń jẹ àgbàdo sísun. Òkété na ọwọ́ sí i. "Ẹ̀gbọ́n, hóró kan péré."

Ẹfọ̀n gbé àgbàdo rẹ̀ sẹ́yìn. "Ìwọ tí o ràn mí lọ́wọ́, kí n wá fi ikú san án fún ọ?"

Nígbà tí ọrún pé, Àrìnpé gbé apẹ̀rẹ̀ òfìfo dé láti gba owó iṣẹ́, àwọn ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì tẹ̀ lé e. Ìmàdò fi ọ̀wọ̀ ṣàlàyé fún un pé èèwọ̀ tiwọn náà ni àgbàdo, ọkọ rẹ̀ ló sọ ọ́ níwájú ọba. Ó gbé koríko gbígbẹ lé e lọ́wọ́, ìdì kan tó fi okùn dì dáadáa. Èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ bú sẹ́kún.

Àrìnpé wo ọkọ rẹ̀ títí. Òkété ò lè gbójú sókè.

"Ó dáa," ni Àrìnpé wí. "Mò ń kó àwọn ọmọ lọ sílé bàbá mi. Wọ́n ń jẹ àgbàdo níbẹ̀." Ó gbé koríko náà sílẹ̀ síwájú ọkọ rẹ̀, ó sì kó àwọn ọmọ lọ.

Òkété fẹ́ sáré tẹ̀ lé wọn, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ọba ń fi olùṣọ́ tó bá fi àká sílẹ̀ ṣe. Ó jókòó. Nígbà tó yá, ó tú okùn ìdì náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ koríko.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtilọ dáhùn ìbéèrè nítorí iṣẹ́, ẹ wẹ̀, ẹ fọ eyín, ẹ tètè dé, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ lè ṣe. Irú ẹni tí ẹ bá pe ara yín ni wọ́n máa gbà sí iṣẹ́, irú ẹni bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì máa bọ́.

Ibi tí àlọ́ mi sùn sí nìyẹn. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí ọbẹ̀ mi jóná.