Ọbẹ̀ Àtẹ́ Ilé Ògúnṣakin

Láyé ìgbà tí àwọn ọdẹ ṣì ń ti ìlú mẹ́fà wá ra ọ̀bẹ ní Òkè-Ẹwìrì, kò sí ẹni tí í béèrè ọ̀nà ilé Ògúnṣakin alágbẹ̀dẹ. Ìró òòlù rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ lé débẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni. Ó ga, ó fẹ̀ láyà, apá rẹ̀ rí bí ọmọ odó. Inú rẹ̀ máa ń tètè bí, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá alágbẹ̀dẹ tó mọ iṣẹ́ wí? Àwọn ìyá wa ní bó bá rọ ọ̀bẹ tán, ẹ lè fi gé irun tó léfòó lórí omi. Èmi ò sí níbẹ̀ o, bí wọ́n ṣe rò ó fún mi ni mo ṣe ń rò ó.

Ẹfúnwùmí ni orúkọ ìyàwó rẹ̀, ọmọ Ọdẹ́wálé tó ń fi awọ rán àkọ̀ ọ̀bẹ. Ẹ ò rí i pé ó bára mu: àna ń rán awọ, ọkọ ọmọ ń rọ irin. Ẹni tó bá ra ọ̀bẹ lọ́dọ̀ Ògúnṣakin, ọ̀dọ̀ Ọdẹ́wálé ni yóò yà sí láti ra àkọ̀ tí yóò kì í bọ̀. Ẹfúnwùmí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọbẹ̀ rẹ̀ ló ń bá a sọ̀rọ̀. Bó bá gbé ìkòkò kaná, ẹni tó ti jẹun yó nílé tirẹ̀ á máa wá ohun tí yóò bi í léèrè kó lè rí àyè dúró.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ògúnṣakin gbé òòlù sókè, ni ẹ̀jẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kán láti imú rẹ̀ sórí irin gbígbóná, ó ń hó ṣàà. Ó ti pẹ́ tí ìpàkọ́ ti ń dùn ún bó bá jí, tí etí rẹ̀ sì ń hó. Ariwo òòlù ló ń dá lẹ́bi. Ẹfúnwùmí kò gba àlàyé lọ́jọ́ yẹn. Ó fà á lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ Ìyá Eléwé, obìnrin tó ń tọ́jú aláìsàn nísàlẹ̀ odò.

Ìyá Eléwé fi ìka méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn rẹ̀, ó ń ka bó ṣe ń lù.

"Báwo ni baba rẹ ṣe kú?"

"Apá ọ̀tún rẹ̀ ló kọ́kọ́ kú, ẹnu rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò lò ju oṣù mẹ́ta lọ."

"Àbúrò baba rẹ ńkọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni."

"Ẹ̀jẹ̀ rẹ ń ru, ọmọ mi."

Ògúnṣakin rẹ́rìn-ín. "Ìyá, àìsàn àwọn arúgbó nìyẹn. Ẹ wò mí dáadáa, mo lè gbé màlúù."

"Gbé màlúù náà. Ẹ̀jẹ̀ kì í bi èèyàn léèrè ọdún kó tó ru." Ó yọ ìka kúrò lọ́rùn rẹ̀. "Yẹra fún iyọ̀. Yẹra fún ẹran gbígbẹ tí wọ́n fi iyọ̀ pa, àti ẹmu. Má jókòó ti iná láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Máa sùn tó. Máa rìn kí oòrùn tó yọ. Ìbínú tó ò ń bá kiri yẹn, gbé e kalẹ̀. Kì í ṣe ti oṣù kan o, ti gbogbo ọjọ́ ayé rẹ ni." Ó wá kọjú sí ìyàwó. "Ìwọ ni mo fi í lé lọ́wọ́. Inú ìkòkò rẹ ni mo fi ìwòsàn rẹ̀ sí."

Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wálé, Ògúnṣakin dúró lójú ọ̀nà.

"Ẹfúnwùmí, bí àwọn ọdẹ bá gbọ́ pé alágbẹ̀dẹ ò lè jókòó ti iná mọ́, ibòmíràn ni wọ́n á gbà lọ. Àṣírí mi dọwọ́ rẹ. Bò mí."

"Mo ti bò yín," ni ó wí.

Ó sì bò ó lóòótọ́. Bí Ògúnṣakin bá ń tètè kúrò nídìí ẹwìrì, Ẹfúnwùmí á sọ fún àwọn oníbàárà pé òun ló rán an níṣẹ́. Bó bá ń rìn lọ sódò kí ilẹ̀ tó mọ́, á ní àwọn jọ ń lọ wo oko ẹ̀gúsí ni. Ní ti ọbẹ̀, kò se ìkòkò méjì. Ó ní kò yẹ kí ẹnu ẹnì kan ṣoṣo máa jìyà nínú ilé tí èèyàn méjì ń gbé. Ó fi ata sí i, ó fi ẹ̀fìrín, ó fi ìyẹ̀rè, ó fi gbogbo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀. Iyọ̀ nìkan ni kò kàn án. Àwọn méjèèjì jọ ń jẹ ẹ́.

Àmọ́ ẹ̀yin náà mọ ohun tí iyọ̀ jẹ́ láàárín wa. Òun la fi ń wúre fún ọmọ tuntun kí ayé rẹ̀ lè dùn. Obìnrin tó bá se ọbẹ̀ àtẹ́, ọbẹ̀ tí kò níyọ̀, fún ọkọ rẹ̀, ohun tí aráyé yóò kọ́kọ́ rò ni pé ìjà wà nínú ilé náà. Àlejò jẹ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé ìdí kànga. Kí oṣù tó parí, àwọn ìyàwó ilé ti sọ ọ́ dorin:

*Ẹ bá wa yá a níyọ̀ o,*
*Aya alágbẹ̀dẹ ò níyọ̀,*
*Ilé tó tẹ́, ọbẹ̀ tó tẹ́.*

Ẹfúnwùmí á gbé ìkòkò omi rẹ̀ rù, á gba àárín wọn kọjá. Gbólóhùn kan péré ìbá pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Kò sọ ọ́.

Ní oṣù kẹta, ara Ògúnṣakin balẹ̀. Ìpàkọ́ kò dùn ún mọ́, etí rẹ̀ dákẹ́, ó ń sùn bí ọmọ ọwọ́. Ibí gan-an ni ọ̀ràn ti wá, ẹ̀yin ọmọ mi. Ara tó dá kò jẹ́ kó rántí pé nǹkan ṣe òun rí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo abọ́ ọbẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi ìyà jẹ láìṣẹ̀.

Ó ní ọ̀rẹ́ kan tó ń dá ẹmu, Jálugbó ni wọ́n ń pè é. Ẹnu Jálugbó mú ju ọ̀bẹ tó fi ń dá ẹmu lọ. Ní ọjọ́ kan tí Ògúnṣakin ń kọjá, ó ké sí i láti abẹ́ ọ̀pẹ.

"Alágbẹ̀dẹ, ọ̀bẹ ń mú lọ́wọ́ rẹ, ọbẹ̀ ń tẹ́ nílé rẹ. Kí lo ṣe fún obìnrin yìí?"

"Fi mí sílẹ̀, Jálugbó."

"Mo kúkú ti fi ọ́ sílẹ̀. Àwọn tó ń kọrin ni kò ní fi ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá ń jẹ àtẹ́ pẹ́, òun náà á tẹ́."

Ògúnṣakin fi ẹ̀rín dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá a délé. Àtẹ́, ẹ̀tẹ́. Kò gbọ́ iyọ̀ nínú rẹ̀ mọ́, ìtìjú nìkan ló ń gbọ́.

Nígbà tí iṣu tuntun jáde, àwọn ẹbí péjọ sílé Ògúnṣakin. Ẹfúnwùmí gún iyán, ó sì se ọbẹ̀. Ó bu iyọ̀ sínú àwo kékeré kan, ó gbé e sáàárín kí oníkálùkù lè bù sí tirẹ̀. Ìyá Ògúnṣakin tọ́ ọbẹ̀ wò, ó gbé òkèlè padà sínú àwo.

"Àtẹ́ yìí náà, lójú gbogbo ẹbí? Aya wa, kí ni ọmọ mi ṣe fún ọ tó o fi ń bọ́ ọ bí ẹrú?"

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Ògúnṣakin. Ẹfúnwùmí náà wò ó. Ẹbí rẹ̀ ni wọ́n, ìyá tó bí i ni, kò sí ọdẹ kankan níjòkòó. Kò ju kó ní, Ìyá mi, ara mi ni kò yá, èmi ni mo ní kó máa se é bẹ́ẹ̀.

Ògúnṣakin wolẹ̀, ó sì ní, "Ìyá mi, èmi náà ò mọ ohun tí mo ṣe fún un."

Ó na ọwọ́ sí àwo iyọ̀, ó bù ú ní ẹ̀kúnwọ́, ó dà á sínú ọbẹ̀ rẹ̀. Ó ń jẹ ẹ́, ó ń wo ìyàwó rẹ̀ lójú. Àwọn ẹbí pàtẹ́wọ́ fún un.

Ẹ wá gbọ́ o. Bí Ẹfúnwùmí bá tú àṣírí náà lọ́jọ́ yẹn, ta ni yóò bá a wí? Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú," ó sì gbé ìkòkò rẹ̀ wọlé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbálẹ̀, ó pọnmi kún àmù, ó gba ilé baba rẹ̀ lọ. Ọdẹ́wálé bi í pé kí ló dé. Ó ní ọbẹ̀ òun ò dùn mọ́ wọn lẹ́nu ni, kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un.

Ṣé ẹ rò pé inú Ògúnṣakin rọ̀? Ó ń fẹ́ kó padà wá bẹ̀bẹ̀. Nígbà tí kò rí i, ó ní òun á fi ojú rẹ̀ rí nǹkan. Abẹ́ ọ̀pẹ Jálugbó ló ti ń jẹun ọ̀sán, ẹran gbígbẹ oníyọ̀ àti ẹmu.

"Bu iyọ̀ sí i."

"Ó ti tó, ọ̀rẹ́ mi."

"Mo ní bù ú sí i. Kí àwọn tó ń lọ sọ́jà lọ sọ fún un pé mo ń jẹ ẹ́, ara mi sì le. Orúkọ tí mo fún un ní ìlú yìí, ajá ò ní gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, ká má tíì sọ ọkọ."

Ìyá Eléwé pàdé rẹ̀ lọ́nà odò ní ọjọ́ kan. "Ojú rẹ pọ́n, Ògúnṣakin. Wá jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọrùn rẹ."

"Ẹ lọ fọwọ́ kan ti arúgbó ẹgbẹ́ yín," ni ó dáhùn, ó sì kọjá lọ. Ìpàkọ́ ti tún ń dùn ún láti ọjọ́ mélòó kan. Ó ní ẹjọ́ Ẹfúnwùmí tí òun ń rò ló fà á.

Oṣù mẹ́rin kò tíì pé lẹ́yìn tí Ẹfúnwùmí lọ tí ọ̀rọ̀ fi yọ. Ó fẹ́ gbé òòlù láàárọ̀, ọwọ́ kò gbé e. Ó wo ọwọ́ náà bí ẹni ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn. Ó fẹ́ pe ìyá rẹ̀, ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹwìrì, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sápá òsì, apá ọ̀tún tó fi ń jẹun tó sì fi ń rọ irin ti kú mọ́ ọn lára. Wọ́n ránṣẹ́ pe Jálugbó. Jálugbó ní òun kì í lè wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ìyá Eléwé dé, ó wo inú ilé yíká. "Ìyàwó rẹ̀ dà? Ẹni tí mo fi í lé lọ́wọ́ dà? Ta ló ń se oúnjẹ alẹ́ fún un?"

"Èmi ni," ni ìyá Ògúnṣakin wí. "Mo sì ń fi iyọ̀ sí i dáadáa, kí ara rẹ̀ lè gbádùn lẹ́yìn ìyà tí obìnrin yẹn fi jẹ ẹ́."

Ìyá Eléwé jókòó sílẹ̀. Ó sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, pé òun gan-an ló ka iyọ̀ léèwọ̀ fún Ògúnṣakin.

Ọjọ́ kẹta ni ìyá Ògúnṣakin lọ sílé Ọdẹ́wálé. Ó bá baba níbi tó ti ń rán awọ, Ẹfúnwùmí ń ṣa ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá àgbà yẹn kúnlẹ̀ fún ẹni tó tó bí lọ́mọ. Kò ní àwíjàre. Ó sọ gbogbo rẹ̀: ohun tí òun wí níbi iyán, orin ìdí kànga tí òun náà bá wọn gbè, bí ọmọ òun ṣe ń bu iyọ̀ tó ń pè é ní ẹ̀san.

"Ó ní òun ń ba orúkọ rẹ jẹ́ ni, ọmọ mi. Gbogbo ìgbà tó bá jẹ ẹ́ ló ń wí i. Jọ̀ọ́, wá bá mi wò ó."

Ẹfúnwùmí gbé e dìde. Omi wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò yẹ̀.

"Ìyá, ọbẹ̀ náà ò ṣòro í sè. Bí ẹ ṣe ń se tiyín náà ni. Iyọ̀ nìkan ni ẹ ò ní fi sí i."

Ìyá náà wo Ọdẹ́wálé, bóyá yóò bá òun bẹ̀ ẹ́. Ọdẹ́wálé fa okùn awọ já, kò gbójú sókè.

"Àna mi, àkọ̀ tó bàjẹ́, mo lè tún un rán. Ọ̀bẹ tó fi ẹnu ara rẹ̀ ya àkọ̀, níbo ni yóò sùn? Ìta ni, ìpẹtà ni yóò sì jẹ ẹ́. Ọmọ yín kò mọ̀ pé ilé òun ni."

Kò fi ọwọ́ bo ẹnu sọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà sì pẹ́ láyé ju òun àti Ògúnṣakin lọ. Títí di òní, bí àwọn àgbà bá rí ẹni tó ń ṣe ara rẹ̀ léṣe tó rò pé ẹlòmíràn ni òun ń fìyà jẹ, wọ́n á mirí, wọ́n á ní: Ọ̀bẹ ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́.