Ọmọ Ajá tí Gbogbo Ilé ń Bọ̀wọ̀ Fún

Ọkùnrin kan wà ní Òkèihò, akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì. Òun, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọbìnrin wọn méjì tó kẹ́yìn ló jọ ń gbélé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan fún un ní ọmọ ajá tí kò ju bàtà lọ. Ọkùnrin náà sọ ọ́ ní Ọ̀gá.

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gá gé e jẹ lọ́mọ ìka. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, “Akọni ni èyí!” Ó sì fún un lẹ́ran. Lọ́jọ́ kẹta, ajá náà fi eyín wọ́ ìró ìyàwó rẹ̀ láti yàrá dé ilé ìdáná. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ìyàwó ní, “Bàbá Abídèmí, ẹ bá ajá yín wí o.”

Ó ní, “Ọmọdé ló ń ṣe é.”

Oṣù mẹ́ta kọjá. Ọ̀gá gba àga onítìmùtìmù bàbá ilé. Bí ọkùnrin náà bá sún mọ́ ọn, á yọ eyín, á máa kùn. Ni ọkùnrin náà bá ń jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ó ní ibẹ̀ ni atẹ́gùn ti ń wọlé dáadáa.

Kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀wọ̀ fún ajá. Lọ́jọ́ kan ṣá, ìyàwó gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ ní pálọ̀: “Ọ̀gá, ẹ má bínú, ẹ dákun, bàtà mi lẹ sùn lé.”

Abídèmí, àkọ́bí wọn, bímọ ní Ìbàdàn. Ó gbọ́ pé ajá ti gé àbúrò òun jẹ débi pé wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Ó ní, “Bàbá, bí ajá yẹn bá ń ṣe báyìí, n ò ní í gbé ọmọ mi wá.”

Ọmọ-ọmọ àkọ́kọ́! Ọkùnrin náà kò lè jẹun. Ó mú pàṣán, ó lọ bá ajá. Ajá gba pàṣán lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e gun orí àga, ó ń rún un.

Ìyàwó lọ pe obìnrin kan tó jẹ́ dókítà ẹran. Bó ti wọlé, Ọ̀gá fò mọ́ etí ìró rẹ̀. Obìnrin náà kò pariwo, kò nà án, kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró bí òpó, ó kọjú sí ògiri. Ajá fà á títí, ó sú u, ó tú ẹnu, ó jókòó. Ìgbà yẹn ni obìnrin náà fún un ní ègé ẹran gbígbẹ kan.

Ó bi wọ́n pé, “Ta ló máa ń rẹ́rìn-ín bó bá gé èèyàn jẹ?”

Gbogbo wọn wo ọkùnrin náà.

“Ta ló ń fún un lẹ́ran kó lè dákẹ́?”

Wọ́n tún wò ó.

“Ajá yìí kì í ṣe aláìgbọràn. Ohun tí ẹ kọ́ ọ gan-an ló ń ṣe.”

Ó ní kí gbogbo ilé máa ṣe bí òun ti ṣe: kí ajá máa jókòó kó tó jẹun, bó bá gé èèyàn jẹ, kí eré parí, kí ẹnikẹ́ni má nà án. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ajá ti ń mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin náà ni kò tètè mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ kẹjọ, ìyàwó ká a mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó ń yọ ẹran fún ajá lábẹ́ agbádá.

Ọkùnrin náà ní, “Ó wò mí lójú ni.”

Lọ́jọ́ kejì, ajá ti padà sórí àga. Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó wá ti ilé ìdáná mọ́ ọkọ rẹ̀, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìdí ìró.

Lẹ́yìn oṣù méjì, Abídèmí gbé ọmọ dé. Wọ́n fi okùn so ajá, ìyàwó di okùn náà mú. Ọmọ ké. Ajá dìde fùú.

Ìyàwó ní, “Jókòó!”

Ajá jókòó. Ọkùnrin náà pẹ̀lú ti jókòó kó tó rántí pé òun kọ́ ni wọ́n ń bá wí.

Láòyè, ìdí tí mo fi pìtàn yìí fún ọ ni pé o wá sọ fún mi láàárọ̀ yìí pé ọmọbìnrin rẹ ọlọ́dún márùn-ún ti yàyàkuyà, pé ó bú ìyá ìyàwó rẹ lójú àlejò. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo rí ẹni tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Máa lọ sílé, kí o lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ìyàwó rẹ, kí ọmọ náà dúró kó máa wò ọ́.