Ó-Ṣì-Ń-Ṣiṣẹ́ Ni Orúkọ Ohun Tó Fẹ́ Kú

Ó-ṣì-ń-ṣiṣẹ́ ni orúkọ ohun tó fẹ́ kú. Bí ẹ bá ti gbé lápá ọ̀dọ̀ wa rí, ẹ óò ti gbọ́ òwe yìí lẹ́nu àwọn àgbà. Ṣé ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀? Ọ̀pọ̀ ló rò pé ọ̀dọ̀ àwọn alágbẹ̀dẹ ló ti wá. Irọ́ ni. Ilé ìtọ́jú òkú ló ti wá, òkú méjì ló sì fà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin alààyè ló sọ ọ́ jáde.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé ló ni ilé ìtọ́jú òkú náà, ní ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọkùnrin náà fẹ́ràn ọ̀làjú. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ orúkọ òkú sára páálí, tí wọ́n ń so ó mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, òun ra kọ̀ǹpútà àgbà kan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní sáfà, ó sì kó orúkọ gbogbo òkú sínú rẹ̀. Nọ́ńbà lásán ló kù tó ń so mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹni tó ni nọ́ńbà, àfi kó bi sáfà.

Kò burú nígbà tí sáfà ṣì jẹ́ ọmọge. Ṣùgbọ́n ó darúgbó. Adétutù, obìnrin tó ń bá a tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà rẹ̀, kìlọ̀ títí ó fi sú u: ibi tí ẹ̀rọ náà ń kó ọ̀rọ̀ pamọ́ sí ti ń bàjẹ́ lọ, àwọn tó ṣe é kò tún irú rẹ̀ ṣe mọ́, kò sì sí ẹ̀dà orúkọ kankan níbòmíràn.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ ẹ̀, ká sì ṣe ẹ̀dà ohun tó wà nínú ẹ̀."

"Ṣé kò ṣiṣẹ́ láàárọ̀ yìí ni?"

"Ó ṣiṣẹ́, sà."

"Tóò. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ìwọ náà lọ ṣiṣẹ́."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, sáfà húkọ́ bí arúgbó, ó sì dákẹ́. Gbogbo ohun tí Adétutù ṣe, kò jí. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni ẹbí méjì dúró lẹ́nu géètì tí wọ́n wá gbé òkú wọn: àwọn ará ìjọ Díákónì Ọ̀ṣínbọ̀wálé, àti àwọn ọdẹ tó fẹ́ lọ sin olórí wọn, Ògúndèrú. Adétutù ní kí wọ́n pe ẹbí méjèèjì wọlé kí wọ́n wá wo ojú òkú wọn. Ọ̀gá rẹ̀ kọ̀; ojú ń tì í. Àgbàlagbà onírùngbọ̀n funfun ni òkú méjèèjì, kò sì bá èyíkéyìí pàdé rí nígbà tí wọ́n wà láyé. Ó wò wọ́n títí. Èyí tó jọ ẹni tó ń gbààwẹ̀, ó ní kí wọ́n wọ kóòtù fún un, ó gbé e fún ìjọ. Wọ́n wọ gbérí ọdẹ fún èkejì, wọ́n bo pósí rẹ̀, ó di tàwọn ọdẹ.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ṣí pósí kí àwọn ènìyàn lè dágbére. Wọ́n ń kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wò, wọ́n ń wúkọ́. Ó wá kan opó díákónì.

"Àlùfáà, ta lẹ gbé wá yìí?"

"Màmá, ikú máa ń pa ojú ẹni dà."

"Ṣé ikú náà ló bu àbàjà fún un?"

Àlùfáà bojú wo inú pósí. Ó pa Bíbélì rẹ̀ dé.

Màmá kò dúró gbọ́ àdúrà. Ó ti ṣèlérí fún ọkọ rẹ̀ pé ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọn yóò sùn sí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì gbọ́ pé àwọn ọdẹ náà gbé òkú láàárọ̀ níbi kan náà, ló bá gun ọ̀kadà pẹ̀lú aṣọ ọ̀fọ̀ lọ́rùn. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọdẹ, ìbọn ń ró, wọ́n ń sun ìjálá fún díákónì tó máa ń ti fèrèsé nígbà ayé rẹ̀ bí ọdẹ bá ń kọjá. Pósí ti wà létí sàréè.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i," ló wí. "Ọkọ mi lẹ fẹ́ sin."

Àgbà ọdẹ ṣí i, ó rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó dán láìní ilà kankan. Màmá kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú nínú gbérí, ó sì sunkún fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti kú. Àwọn ọdẹ ṣí fìlà. Àwọn fúnra wọn ló gbé díákónì dé ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gba olórí wọn níbẹ̀, wọ́n sì sin òkú méjèèjì kí ilẹ̀ tó ṣú.

Lọ́jọ́ kejì, àgbà ọdẹ àti Màmá jọ lọ bá Ṣówándé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Màmá, ẹ foríjì mí. Ẹ̀rọ yẹn, ní Ọjọ́bọ̀ yìí náà, ó ṣì ń ṣiṣẹ́."

"Ọkọ mi náà ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tó kú," ni Màmá dáhùn. "Ó-ṣì-ń-ṣiṣẹ́ ni orúkọ ohun tó fẹ́ kú."

Àgbà ọdẹ rẹ́rìn-ín títí tó fi di ògiri mú. Òun ló gbé ọ̀rọ̀ náà wọ ìgboro. Ní ti Ṣówándé, ó ránṣẹ́ pe gbogbo ẹbí tó kù kí wọ́n wá fojú ara wọn dá òkú wọn mọ̀, ó ra sáfà tuntun, ó sì fún Adétutù láṣẹ láti máa ṣe ẹ̀dà, láti máa mú ẹ̀rọ bá ìgbà mu, láìtọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹni tó ń fi "kò tíì bàjẹ́" bo ohun tó yẹ kó tún ṣe, yálà òrùlé ni o, ọkọ̀ ni o, tàbí ògbólógbòó ẹ̀rọ tó kó gbogbo ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀ sí, òun ni àwọn àgbà ń pa òwe yìí fún. Wọn kì í dúró gba èsì. Wọ́n á kàn bi í bóyá ó ti wo àbàjà tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ òkú rẹ̀ dáadáa.