Ẹnu Àwẹ̀ró Aláró

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi fò fìrì, ó kọjá lórí Ìjàpá, kò yà sọ́dọ̀ Ajá, ó balẹ̀ pàà sí àgbàlá Àwẹ̀ró aláró.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Ní ìlú kan, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Aró ló ń rẹ. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú kirikiri títí dé ìgbọ̀nwọ́. Kò sí agbo ilé tí Àwẹ̀ró kò mọ oríkì rẹ̀. Bó bá kì ọ́, orí rẹ á wú, omijé á máa dà pòròpòrò. Bí obìnrin bá ń rọbí, òun ni wọ́n ń pè kó wá kì í, kí agbára lè wọ̀ ọ́ lára.

Ṣùgbọ́n ẹnu kan náà! Hẹ̀n! Bí Àwẹ̀ró bá ń bú ènìyàn, ẹyẹ á ṣí kúrò lórí igi.

Lọ́jọ́ kan, ewúrẹ́ Ìbídùn ahunṣọ, aládùúgbò rẹ̀, fẹsẹ̀ ta ìkòkò aró. Gbàà! Aró dà nù. Àwẹ̀ró bú Ìbídùn, ó bú ọkọ rẹ̀, ó bú òfì tó fi ń hunṣọ.

"Ìbídùn elétí bí abẹ̀bẹ̀! Aṣọ tí o hun, ejò kò ní fi bora!"

Láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí ni. Ìbídùn sunkún lọ sí ààfin. Ọba bá pàṣẹ: "Àwẹ̀ró, ọjọ́ tí a bá tún gbọ́ ohùn rẹ níta, ọjọ́ náà ni wàá di ẹrù rẹ kúrò nílùú yìí."

Oṣù mẹ́ta gbáko, Àwẹ̀ró kò sọ̀rọ̀. Aró nìkan ló ń rẹ.

Ni Àríyìíkẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí Ìbídùn bí, bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Ọjọ́ kìíní, kò bí. Ọjọ́ kejì, kò bí. Ìyá agbẹ̀bí ní, "Agbára ti tán lára ọmọ yìí. Àfi kí ẹnìkan kì í."

Ìbídùn sáré wọ àgbàlá aró, ó kúnlẹ̀ gbì. "Ìyá aláró, ẹ ṣàánú mi!"

Àwẹ̀ró na ọwọ́ sí ọ̀nà ààfin, ó fi ìka kan ètè ara rẹ̀. Inú ṣì ń bí i. Ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Kí ló kàn mí?" Ló bá gbọ́ igbe Àríyìíkẹ́ láti òdìkejì ògiri, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Ìbínú kò lọ o. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló dìde.

"Dìde níbẹ̀, aláìnítìjú!" ló pariwo. "O pa mí lẹ́nu mọ́ tán, o tún wá ń wá ẹnu! Ṣé o ti gbé omi kaná?"

Ó bú u dé ẹnu ọ̀nà. Bó ti wọlé, ohùn rẹ̀ yí padà. Ẹ bá mi gbè é:

Àríyìíkẹ́, ọmọ ahunṣọ-bọlá,
*Sọ̀ wẹ́rẹ́ o, sọ̀ wẹ́rẹ́.*
Ọmọ ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ tí òwú ń gbọ́ràn sí lẹ́nu,
*Sọ̀ wẹ́rẹ́ o, sọ̀ wẹ́rẹ́.*
Ìyá rẹ kì í já òwú, má ṣe já wa kulẹ̀,
*Sọ̀ wẹ́rẹ́ o, sọ̀ wẹ́rẹ́.*
A ti gbálẹ̀, àlejò, máa wọlé bọ̀,
*Sọ̀ wẹ́rẹ́ o, sọ̀ wẹ́rẹ́.*

Ìdílé tó bú ló ń kì yẹn o! Àríyìíkẹ́ mí kanlẹ̀, ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. Ó fi agbára ti ọmọ síta. Ọmọ ké: Ìngà! Ìngà!

Àwọn ìránṣẹ́ ọba ti dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n mú Àwẹ̀ró lọ. Ìbídùn tẹ̀ lé wọn láì wé gèlè, ó dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin níwájú ọba.

"Kábíyèsí, èmi ni mo fẹjọ́ ẹnu yìí sùn. Ó dùn mí títí di òní. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lé e lọ, èmi, ọmọ mi, àti ọmọ ọmọ mi, a ó di ẹrù tẹ̀ lé e."

Ọba wo Àwẹ̀ró. "Ṣé o lè fi èébú sílẹ̀, kí o máa ki ènìyàn nìkan?"

Àwẹ̀ró dáhùn pé, "Kábíyèsí, n ó gbìyànjú. Ṣùgbọ́n n kò ní parọ́ fún yín. Mo máa ń wo ènìyàn dé inú ni. Ibi tí mo ti ń rí oríkì, ibẹ̀ náà ni mo ti ń rí èébú."

Ọba rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè la ẹnu kan sí méjì."

Nígbà tí wọ́n ń padà lọ sílé, Ìbídùn bi í pé, "Ìyá aláró, nígbà tí ẹ ń ki ọmọ mi, ṣé inú yín ti rọ̀ sí mi ni?"

"Rárá o," Àwẹ̀ró dáhùn. "Inú ń bí mi. Ó ṣì ń bí mi báyìí."

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà, títí ẹ̀rín fi di ẹkún.

Ibi tí àlọ́ mi fìdí mọ́ nìyí. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí ohùn mi há.

Àlọ́ yìí kọ́ wa pé ènìyàn kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ ká ṣọ́ ẹnu wa, àmọ́ ká má torí àléébù ẹnìkan sọ ẹ̀bùn rẹ̀ nù. Bí inú bá sì ń bí wa pàápàá, ká ṣe oore tó wà lọ́wọ́ wa láti ṣe.