Èédú Ara Ẹyin

Ọmọ apẹja ni Àwẹ̀ró. Kò sí ẹja tí kò lè dijú yọ ẹ̀gún rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ adìẹ kò yé e rárá. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n gbé e níyàwó wá sí Ìdí-Àgbọn tí lúkúlúkú fi wọ abúlé, tó pa adìẹ bí ẹni gbálẹ̀. Àgbébọ̀ méjì péré ló ṣẹ́ kù fún Ìyá Fátókun, ìyá ọkọ rẹ̀. Àkùkọ ilé ló kú gbẹ̀yìn.

Kí àkùkọ náà tó kú, ó ti gun ọ̀kan nínú àgbébọ̀ méjèèjì. Ìyẹn yé ẹyin méje, ó sì sàba lé wọn nínú agbọ̀n lẹ́yìn ilé. Èkejì kò bẹ̀rẹ̀ sí í yé títí akọ fi kú, inú agbọ̀n kan náà ló sì wá ń yé sí. Ìyá Fátókun mú èédú, ó fa ìlà sára ẹyin méje àkọ́kọ́. Èyí tí kò bá ní èédú lára kò lè pa láéláé, jíjẹ ni.

Adìẹ ti sàba fún ọjọ́ méjìlá nígbà tí màmá ń lọ sóko ọlọ́jọ́ mẹ́jọ.

"Ìyàwó, bá mi tọ́jú adìẹ yẹn o. Òun nìkan ni ìrètí wa."

Kò sọ̀rọ̀ èédú. Ta ni kò mọ̀ ọ́n?

Àwẹ̀ró tọ́jú rẹ̀ lóòótọ́. Nígbà tí adìẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ mumi, ó rí ẹyin tó dọ̀tí. Ó rẹ àkísà sómi, ó nu gbogbo wọn mọ́ tónítóní. Inú rẹ̀ ń dùn pé màmá yóò yin òun.

Lọ́jọ́ kẹjọ, Bàbá Ògúnwálé, àbúrò bàbá ọkọ rẹ̀, yà sílé láìròtẹ́lẹ̀. Kò sí ẹja nílé, ìyàwó tuntun kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ebi pa àlejò. Àwẹ̀ró lọ sídìí agbọ̀n. Adìẹ sọ ọ́ lọ́wọ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde, síbẹ̀ ó kó gbogbo ẹyin náà, ó sè wọ́n. Ẹyọ kan ló fi sílẹ̀, nítorí ó kéré bí ẹyin ẹyẹlé, ojú sì tì í láti gbé e fún àgbàlagbà.

Bàbá jẹ ọ̀kan tán, ó bó èkejì. Ẹnu adìẹ ló kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà ni ìyẹ́ tútù àti ẹsẹ̀ tó ká pọ̀. Ó jù ú sílẹ̀. Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Ó mọ ẹyin, ó mọ òròmọdìẹ, kò tilẹ̀ rò ó rí pé ọ̀kan ń bẹ nínú èkejì.

Bí màmá ṣe wọlé nìyẹn, tòun ti ẹrù lórí. Ó bó ìyókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Òròmọdìẹ mẹ́fà ló tò sílẹ̀, ó sì jókòó sórí ilẹ̀ lásán.

"Ta ló nu èédú?"

"Èmi ni, Ìyá. Mo rò pé ìdọ̀tí ni."

"Kò mọ nǹkan kan," ni Bàbá Ògúnwálé wí. "Ẹ dá a padà sétí odò tí wọ́n ti mú un wá."

Àwẹ̀ró wólẹ̀, ó ń sunkún. Ìyá Fátókun lọ sídìí agbọ̀n, ó bá adìẹ lórí ẹyin kékeré náà. Ó gbé e sétí. Nǹkan ń kàn án láti inú.

"Èmi tí mo mọ̀ ni mi ò sọ," ló wí. "Kò síbi tó ń lọ."

Lọ́jọ́ kejì, ẹyin náà pa. Kí ọdún tó yípo, òun ló ń kọ lórí òrùlé, tí agbo ilé sì kún fún ọmọ rẹ̀. Àwẹ̀ró ló wá ń fa èédú sára ẹyin gbogbo abúlé. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ti fẹ́ fojú kékeré wo ìyàwó ilé kan, òrùlé yẹn ni Ìyá Fátókun máa ń nawọ́ sí. Ibẹ̀ ni àwọn àgbà ti rí i pa lówe pé ẹyin ní í di àkùkọ.